Ààwẹ̀ àti Ebi: Ta Ni Yóò Jẹ́rìí Sí Ilé Tuntun?

Sìmẹ́ǹtì ló bí èbúté Tin Can ní Èkó. Láàárín 1974 sí 1975, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ra nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì láti òkè òkun, bẹ́ẹ̀ èbúté tó wà ní Àpápá nígbà náà kò lè já ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún. Ọkọ̀ òkun tó lé ní 400 wá tò sójú òkun Èkó, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ru sìmẹ́ǹtì. Ìjọba ń san owó ìdádúró lójoojúmọ́, ọ̀rinrin òkun sì ń sọ àpò sìmẹ́ǹtì di òkúta. Wàhálà yẹn wà lára ohun tó mú kí wọ́n kọ́ èbúté tuntun sí erékùṣù Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977.

Ajégúnlẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, omi ló là wọ́n láàárín. Ẹni tó sọ àdúgbò náà lórúkọ ń ṣàdúrà ni: kí ajé gúnlẹ̀ síbí. Ìlàjẹ, Ijaw, Ìgbò, Urhobo, Hausa, gbogbo wọn wá wáṣẹ́ lọ sí èbúté, wọ́n sì gúnlẹ̀. Sìmẹ́ǹtì náà gúnlẹ̀, ó di ilé: yàrá mélòó kan lápá ọ̀tún, iye kan náà lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín wọn. Face-me-I-face-you ni gbogbo Èkó ń pè é.

Bí èèyàn bá wọ yàrá kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù kẹta tí ooru ń mú, yóò kọ́kọ́ rí i pé fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Atẹ́gùn kì í wọ ibi tí kò bá ti rọ́nà jáde. Ilẹ̀kùn ni ì bá jẹ́ ọ̀nà àbájáde rẹ̀, ṣùgbọ́n inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ilẹ̀kùn kọjú sí, ilẹ̀kùn ẹlòmíì ló sì wà ní òdì-kejì. Páànù tó ti dípẹtà ti ń gba oòrùn láti àárọ̀. Sílìn pátákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti wú, ó ti ya níbi tí òjò ti ń jò. Ìyá ọmọ á fi àkísà tútù nu ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, á tẹ́ ọmọ rẹ̀ lé e ní ìhòòhò, nítorí ibẹ̀ ló tutù jù nínú yàrá. Lálẹ́, àwọn àgbà á gbé àga síta títí di aago méjìlá, wọ́n ń dúró kí ògiri fi ooru sílẹ̀.

Yàrá yìí kì í jẹ iná púpọ̀. Gílóòbù kan, fáànù kan, fóònù méjì, ó parí. Bí ó bá jẹ́ pé iye iná tí ilé ń jẹ nìkan la fi ń mọ ilé rere, a jẹ́ pé ilé Ajégúnlẹ̀ ló yẹ kó gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ gbogbo ilé olówó ní Ìkòyí. Kò sì sẹ́ni tó máa gbà bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a kò gbà?

Ìbéèrè náà kì í ṣe eré, nítorí ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí fún ilé ní ìwé ẹ̀rí báyìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn, BREEAM, ní 1990. Amẹ́ríkà gbé LEED jáde lẹ́yìn ìyẹn. Òun ni wọ́n fún Heritage Place ní Ìkòyí, ilé ọ́fíìsì tí wọ́n parí ní 2016. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni EDGE, láti ọwọ́ IFC tó jẹ́ apá kan Báńkì Àgbáyé. Òfin EDGE kò ṣòro láti lóye: kí ilé tuntun fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dín iná tó ń jẹ kù, kí ó dín omi kù bẹ́ẹ̀, kí ó sì dín ohun tí ṣíṣe búlọ́ọ̀kù àti irin rẹ̀ ń ná ayé kù bẹ́ẹ̀, sí ti ilé tí wọ́n máa ń kọ́ ní ìlú kan náà. Àwòrán ilé ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Bí ilé bá dúró tán, wọ́n á wá wò ó bóyá ó rí bí wọ́n ṣe yà á.

Ẹni tó bá ti lo oṣù Ramadan ní Ajégúnlẹ̀, tàbí ogójì ọjọ́ Lẹ́ńtì, mọ ìdáhùn sí ìbéèrè wa láìsí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti ẹni tí ebi ń pa, ikùn àwọn méjèèjì ṣófo. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n sí wọn nínú, nǹkan kan náà ni yóò kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ jẹ sààrì, ó dá àníyàn, ó sì mọ̀ pé ìṣínu ń bọ̀. Ebi kò ní àníyàn, kò sì ní ìṣínu. Kò sí àlùfáà tó máa kí ẹni tí ebi ń pa pé ó kú ààwẹ̀. Ilé tó dín iná kù nítorí pé wọ́n kọ́ ọ re, tí ara sì tu àwọn tó ń gbé inú rẹ̀, ààwẹ̀ ló gbà. Yàrá Ajégúnlẹ̀ yẹn, ebi ló ń pa á.

Àwọn tó ṣe ìṣirò EDGE mọ èyí. Bí àwòrán ilé kan kò bá ní éèsì, tí ìṣirò sì fi hàn pé ooru inú rẹ̀ yóò ju ohun tí ara lè gbà lọ, wọn kì í yìn ín pé kò jẹ iná. Iye iná tí ì bá gbà láti mú ilé náà tutù ni wọ́n máa ń kà sí i lọ́rùn, bí ẹni pé ó ti jẹ ẹ́. Ìyà tí ọmọ ń jẹ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì di gbèsè ilé. Nínú gbogbo iṣẹ́ oníṣirò náà, kò sí ibi tó sún mọ́ àánú tó yìí.

Síbẹ̀ ó ku ẹnì kan tí ìwé ẹ̀rí kò tíì kà dáadáa: aládùúgbò. Ẹ wo jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ìlú ń pè ní I better pass my neighbour. Orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú: mo sàn ju aládùúgbò mi lọ. Wọ́n á fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé kí olè má gbé e, èéfín rẹ̀ á sì wọ yàrá kejì lọ, èéfín tó ti pa ìdílé lójú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Éèsì náà kò pa ooru. Ó kàn ń kó o síta ni, ìta ẹnì kan sì ni ojú fèrèsé ẹlòmíì níbi tí ilé ti sún mọ́ra.

Ìwé Deutarónómì, orí 22, ní òfin kan fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun: kí ó mọ ògiri kékeré yí orí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́ kí ẹ̀jẹ̀ sì wà lọ́rùn ilé náà. Ilé tìrẹ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì lè wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú hádíìsì, Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a) kìlọ̀ fún ẹni tó ń ṣe àlùwàlá pé kó má fi omi ṣòfò, bó tilẹ̀ jẹ́ etí odò tó ń ṣàn ló wà. Àwọn oníṣẹ̀ṣe máa ń ta omi sílẹ̀ kí wọ́n tó ki ọkọ́ bọ ilẹ̀, nítorí Ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí gbogbo májẹ̀mú. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe májẹ̀mú ní ìmùlẹ̀. Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti mulẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó wà nítòsí àti ẹni tí kò tíì dé.

Àwọn ìyá wa àti bàbá wa kọ́ ilé tó mọ èyí. Ògiri amọ̀ tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán tètè wọlé. Òrùlé agbo-ilé ń da omi òjò sí ìkòkò láàárín àgbàlá. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé, ọmọ Idumuje-Ugboko tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Ìbàdàn, ló kọ́ ilé ìsìn àwọn Dominican ní Ìbàdàn. Ó po ilẹ̀ pupa mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀ láti ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì mú àgbàlá agbẹ́jò padà wá sínú ilé tuntun. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Venice fún iṣẹ́ ayé rẹ̀. Dídín sìmẹ́ǹtì kù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán: sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́nì tí ọmọ aráyé ń tú sófuurufú.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó yẹ kí a sọ láìfi epo bọ iyọ̀. Ilé tuntun tó dára lè lé àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ. Ní oṣù kejì 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ilé ní Badia East, tí kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́ èyí tó dára síbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló sùn síta. Bí ìwé ẹ̀rí bá gbé owó ilé sókè tí ìyá ọmọ yẹn fi kó ẹrù jáde, ìwé náà purọ́, bó ti wù kí iná tí ilé ń jẹ kéré tó.

Àwọn onílé á ní kò sówó. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tó ń mú ilé tutù kò gbówó, bí a bá ti ṣe é sórí ìwé kí ìpìlẹ̀ tó wọlẹ̀: kí fèrèsé méjì kọjú síra wọn, kí ògiri gígùn kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ má bàa dojú kọ ọ́, kí òrùlé yọ síta bo fèrèsé, kí ọ̀dà funfun wà lórí páànù. Ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà lílo iná nínú ilé jáde ní 2017. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì ti sọ láti 2003 pé ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ilé kíkọ́, nítorí náà ọwọ́ Èkó ni ọ̀rọ̀ wà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé.

Ọwọ́ wa náà ni. Pásítọ̀ ń bọ̀ wá gbàdúrà sí ìpìlẹ̀, àáfà ń bọ̀, wọ́n á ní kí ilé tura fún onílé. Kí wọ́n tó ṣe àmín, kí wọ́n ní kí onílé gbé àwòrán náà wá, kí ó sì fi ìka tọ́ ibi tí atẹ́gùn máa gbà wọ yàrá ayálégbé tó kéré jù, àti ibi tó máa gbà jáde.