Àgbàrá, Ilé-Ìwé àti Ẹ̀tọ́ Aládùúgbò: Ǹjẹ́ Iṣẹ́ Rere Lè Jẹ́ Àwíjàre fún Ìnira?

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wólé, onílé ni kò ní gbà fún un. Òwe yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ omíyalé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òjò nìkan. Ọ̀rọ̀ ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe sí ilẹ̀ ni pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omíyalé tún ṣọṣẹ́ ní ìlú kan náà. Ní ọdún 2012 àti ọdún 2022, omi ba ilé àti oko jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2025, omi gbá apá kan ìlú Mokwa lọ ní Ìpínlẹ̀ Niger. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn ni pé: ta ni ó dí ọ̀nà omi?

Ìbéèrè yìí máa ń le gan-an nígbà tí wọ́n bá nàka sí ilé-ìwé. Bí ó bá jẹ́ ilé-epo tàbí ilé-ìtura ni, ará àdúgbò kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni ibi tí ọmọ olùfisùn gan-an ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tí ó kọ́ ọ sì lè máa retí láádá rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun gẹ́gẹ́ bí sàráà tí kì í dáwọ́ dúró. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò ni bóyá dídára iṣẹ́ kan lè mú kí ìnira tí ó ti ara rẹ̀ jáde di ohun tí aládùúgbò gbọ́dọ̀ fara mọ́.

Bí Ìjà Náà Ṣe Máa Ń Bẹ̀rẹ̀

Ilẹ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni owó rẹ̀ máa ń wọ́n níwọ̀n, òun náà sì ni àwọn ènìyàn sábà máa ń fi tọrẹ. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé omi ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí ilé-ìwé bá gba irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò da yẹ̀pẹ̀ kún un kí ó lè ga, yóò mọ odi yí i ká nítorí ààbò àwọn ọmọ, yóò sì fi ṣìméńtì tẹ́ àgbàlá rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ń fa omi mu tẹ́lẹ̀ kò ní lè fà á mu mọ́. Òrùlé kan ṣoṣo tí ó gùn ní mítà 50, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 10, yóò da nǹkan bí lítà 25,000 omi sílẹ̀ bí òjò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e lórí. Èyí tó kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 ní ọ̀nà 1,000. Bí wọn kò bá la ọ̀nà fún omi yìí, ilé tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò wọ̀.

Nígbà náà ni àríyànjiyàn yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn aládùúgbò yóò ní omi kò wọlé àwọn rí kí wọ́n tó kọ́ ilé-ìwé. Àwọn onílé-ìwé yóò ní àwọn ní ìwé ilẹ̀, pé Ọlọ́hun ni ó ni òjò, àti pé ẹ̀gbin tí àwọn ará àdúgbò ń dà sínú gọ́tà ni ó fa ohun gbogbo. Òtítọ́ díẹ̀ lè wà lẹ́nu ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Agbẹjọ́ ẹnì kan dá sì ni àgbà òṣìkà.

Omi Nínú Ìdájọ́ Ànábì

Ọ̀rọ̀ omi láàrin aládùúgbò kì í ṣe tuntun nínú ẹ̀sìn Islam. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Zubayr ọmọ Awwam àti ọkùnrin kan nínú àwọn ará Mẹ́dínà ní aáwọ̀ lórí omi tí ó ń ṣàn wọ oko wọn. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́kọ́ pàṣẹ pé kí Zubayr tí oko rẹ̀ wà lókè bomi rin oko rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí omi máa lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Nínú Muwatta, ìwé Imam Malik tí púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé mádíhábì rẹ̀, ìdájọ́ kan náà wà lórí àgbàrá Mahzur àti Mudhaynib: ẹni òkè yóò dá omi dúró títí yóò fi dé ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà yóò tú u sílẹ̀ fún ẹni ìsàlẹ̀.

Òótọ́ ni pé omi tí wọ́n ń du ní Mẹ́dínà jẹ́ omi tí gbogbo wọn ń fẹ́, nígbà tí omi tí àwọn ará ìlú wa ń jà lé lórí jẹ́ omi tí gbogbo wọn ń lé jáde. Síbẹ̀, ìlànà kan náà ni ó de méjèèjì. Ẹni òkè kò ní ẹ̀tọ́ láti nìkan mu omi nígbà tí ó bá dára, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹ̀tọ́ láti dà á lé ẹni ìsàlẹ̀ lórí nígbà tí ó bá di ewu. Omi tí ń ṣàn bí Ọlọ́hun ti dá ilẹ̀, ẹni ìsàlẹ̀ yóò gbà á. Èyí tí odi àti yẹ̀pẹ̀ darí sí i kì í ṣe ìpín tirẹ̀. Hádíìsì tí ó kọ̀ fún Mùsùlùmí láti ni ẹlòmíràn lára tàbí láti fi ìnira san ìnira wà nínú Muwatta kan náà. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 àti òfin ìṣètò ìlú ti ọdún 1992 lè fún ènìyàn ní ìwé ilẹ̀ àti ìyọ̀ǹda ìkọ́lé. Kò sí èyí tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ lórí yàrá aládùúgbò rẹ̀.

Àníyàn Rere àti Ìnira

Àwọn tí ń gbèjà ilé-ìwé máa ń fi hádíìsì tí ó so iṣẹ́ mọ́ àníyàn ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fíkíhì ti fi ìyàtọ̀ sáàrin ẹ̀ṣẹ̀ àti gbèsè. Ẹni tí ó ṣèèṣì ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn, ṣùgbọ́n yóò san án. Àníyàn wà láàrin ẹrú àti Olúwa rẹ̀. Dúkìá tí ó bàjẹ́ wà láàrin ẹrú àti ẹrú. Síwájú sí i, Ọlọ́hun kìlọ̀ nínú Suratul-Baqarah (2:264) pé ìrègún àti ìpalára máa ń ba sàráà jẹ́. Bí ìpalára sí ẹni tí a fún ní nǹkan bá lè ba sàráà jẹ́, ó yẹ kí ìpalára sí aládùúgbò tí kò tọrọ nǹkan kan kó ìdààmú bá ọkàn olùṣe-rere.

Níhìn-ín ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Òjò kìn-ín-ní tí ó gba ara odi ilé-ìwé wọ ilé aládùúgbò lè jẹ́ èèṣì. Òjò kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà hàn án, tí ó sì dá a lójú, ẹni tí ó bá fi odi rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti wà ti yọ̀ǹda ìnira náà. Àníyàn rere tí ó ní nígbà tí ó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ilé-ìwé jẹ́ àǹfààní gbogbo ìlú, kí ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin fara dà á. Ìlànà fíkíhì tí wọ́n ń gbára lé sọ pé a lè gba ìnira ẹnì kan láyè kí a fi dènà ìnira gbogbo ènìyàn; kò sọ pé kí a fi ìnira ẹnì kan ra àǹfààní. Ìlànà mìíràn tilẹ̀ fi dídènà ìbàjẹ́ ṣíwájú wíwá àǹfààní. Ilé-ìwé kò sì nílò omi nínú yàrá ẹlòmíràn kí ó tó lè dúró.

Ojúṣe Olùfisùn

Ẹ̀tọ́ tí aládùúgbò ní kò sọ ẹ̀sùn rẹ̀ di òtítọ́. Olùfisùn ni ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Suratul-Hujurat (49:6) pàṣẹ ìwádìí kí ènìyàn má baà fi àìmọ̀ ṣe ibi kí ó sì kábàámọ̀. Ẹ̀rí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí kò farasin: ibi tí omi ń gbà kọjá tẹ́lẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà àdúgbò, àmì omi lára ògiri àtijọ́, ìwọ̀n gíga ilẹ̀ láti ọwọ́ onímọ̀, àti kí àwọn ìhà méjèèjì jọ dúró wo omi nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Bí ọ̀rá àti ike tí àwọn olùfisùn fúnra wọn dà sí gọ́tà bá wà nínú ohun tí ó dí omi, wọn yóò gbé ìpín tiwọn. Nínú hádíìsì ọkọ̀ ojú-omi tí Bukhari gbà wá, àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ fẹ́ lu ihò sí ìpín tiwọn láti rí omi. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo èrò ọkọ̀ ni yóò ṣègbé.

Ọ̀nà Àbáyọ

Abu Dawud gbà á wá pé Samura ọmọ Jundub ní igi ọ̀pẹ dàbínù nínú ọgbà ẹlòmíràn, wíwọlé rẹ̀ sì ń ni onílé lára. Ànábì kọ́kọ́ ní kí ó tà á, ó kọ̀. Ó ní kí ó fi ṣe pàṣípààrọ̀, ó kọ̀. Ó ní kí ó fi tọrẹ kí ó sì gba láádá, ó kọ̀. Nígbà náà ni ó tó yọ̀ǹda pé kí onílé fa igi náà tu. Ìdájọ́ yìí ní ìpele: àbá kọ́kọ́ wáyé, ìtúká ni ó kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ lu ojú-ihò sí ìsàlẹ̀ odi níbi tí omi ń gbà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n la gọ́tà dé ojú odò, kí wọ́n sì gbe omi òrùlé sínú táǹkì. Ẹni tí ó ń jẹ èrè ni yóò gbé ìnáwó rẹ̀. Nítorí náà ilé-ìwé ni yóò san ti inú ọgbà rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò yóò kó ẹ̀gbin kúrò, ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì ṣe kọ́fáàtì ojú ọ̀nà. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá lọ wó odi ní òru kí omi lè wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí kí ó ya sí òpópónà kejì, ìnira ni wọ́n fi lé ìnira. Bí ilé-ìwé bá kọ gbogbo àbá lẹ́yìn tí ẹ̀rí ti dúró, adájọ́ ni yóò pàṣẹ kí wọ́n wó ohun tí ó dí omi.

Ìkádìí

Iṣẹ́ rere kì í sọ ìnira di ẹ̀tọ́. Ńṣe ni ó tún ń mú kí ojúṣe olùṣe rẹ̀ wúwo sí i. Ilé-ìwé wà láti kọ́ ọmọ ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò, ọmọ sì ń rí ohun tí odi ilé-ìwé rẹ̀ ń ṣe sí ilé ìyá rẹ̀ kí ó tó ṣí ìwé. Ọ̀nà tí àwọn olùdásílẹ̀ bá là fún omi nínú ọgbà wọn jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọ.