ỌWỌ́ TA NI SÁÚLÙ YÓÒ LÒ?

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 22:6–23

Wọ́n ní kí àwa akọ̀wé kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé yìí. A fi ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta bẹ Ọlọ́run, ibi tí Ẹ̀mí darí wa sí nìyí.

Dáfídì ti bọ́ lọ́wọ́ Sáúlù. Ó yẹ ọ̀kọ̀, ó gba ojú fèrèsé jáde lóru, ó di ará inú ihò àpáta. Ẹni tó ti sá lọ, ó yẹ kí á fi í sílẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Sáúlù jókòó sábẹ́ igi ní Gíbíà, ọ̀kọ̀ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bi àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ bóyá ọmọ Jésè ni yóò fún wọn ní oko àti ọgbà àjàrà, bóyá òun ni yóò fi wọ́n jẹ olórí ogun. Ẹ kíyè sí i o. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ ṣe iṣẹ́ ibi, oúnjẹ rẹ ni yóò kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Dóégì bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ló sọ, àlùfáà Áhímélékì fún Dáfídì ní oúnjẹ àti idà. Ṣùgbọ́n kò sọ pé iṣẹ́ ọba ni Dáfídì sọ fún àlùfáà pé òun ń lọ jẹ́. Ìdajì òótọ́ yìí ló pa odindi ìlú. Sáúlù ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ pa àwọn àlùfáà Olúwa. Wọn kò na ọwọ́ wọn. Ọba ni ọ̀gá wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, síbẹ̀ wọn kò na ọwọ́. Dóégì ló na tirẹ̀, ó sì pa àlùfáà 85 lọ́jọ́ kan.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ilẹ̀ Júù nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ìbàdàn wa níbí ńkọ́? Ní 1874, inú bí Ààrẹ Látóòsà sí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé lára ẹ̀sùn náà ni pé Ìyálóde kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò sì jáde wá pàdé rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó san án. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ìyálóde ń pààrọ̀ yàrá tó ń sùn lálaalẹ́ nítorí ìbẹ̀rù. Ta ni yóò wá mọ yàrá tó sùn? Ará ilé ni. Kúmúyìílọ, ọmọ tó gbà tọ́, ni wọ́n fi owó rà. Lóru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ẹrú méjì gba òkè àjà wọlé, wọ́n sì pa á lójú oorun.

Ìyálóde fúnra rẹ̀ ní ìkà lọ́wọ́, a kò jiyàn. Ọ̀pọ̀ wa ló ti ka eré tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá fi ìtàn rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ìkà ẹni tí a pa kì í wẹ ọwọ́ ẹni tó pa á. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, wọ́n pa ẹrú méjèèjì ní gbangba. Ààrẹ wà lórí oyè rẹ̀ títí ó fi kú lójú ogun Kírìjì ní 1885. Ẹni tó ránni níṣẹ́ jókòó sílé, ẹni tó jẹ́ iṣẹ́ ló fi ọrùn san án.

Àwa tí à ń kọ̀wé yìí náà ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Arákùnrin kan kúrò láàárín wa, ó kó ìyàwó àti ọmọ lọ sí ìjọ mìíràn. Àgbà kan kò jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà. Lẹ́yìn ìsìn alẹ́, ó ní kí a kọ lẹ́tà sí ìjọ náà pé owó ìkórè ló kó sá lọ. A mọ̀ pé kò kó kọ́bọ̀, nítorí ọwọ́ wa ni ìwé owó wà. Bíró ń gbọ̀n lọ́wọ́ wa. A ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí a má fi èyí sílẹ̀?" Ó ní, "Akọ̀wé, ta ló fi ọ́ sípò yìí?" A kọ ọ́. A tún lu òǹtẹ̀ ìjọ lé e.

Ọdún méjì ni wọn kò fi gba arákùnrin náà láyè láti gbàdúrà níwájú ìjọ. Nígbà tó yá, ìran jáde láàárín wa: wọ́n rí ọwọ́ kan tí yíǹkì kò bọ́ lára rẹ̀, bó ti wù kí á fọ̀ ọ́ tó. Aríran kò mọ ẹni tó ń bá wí. Àwa mọ̀. A gbé ìwé owó, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún arákùnrin náà, a sì kọ lẹ́tà mìíràn sí ìjọ rẹ̀ láti tú irọ́ wa. Ó ní kí a dìde, ó ní kí a jẹun. Òun náà ló fún wa láyè láti sọ ọ́ síbí.

Nítorí náà, ará, bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́ ibi tí àyà rẹ ń já, má ṣe pe ìjáyà náà ní òjò. Ọlọ́run ló ń kan ilẹ̀kùn. Bí o bá ti jẹ́ iṣẹ́ náà, lọ tún un ṣe kí alẹ́ tó lẹ́. Bí ẹni tí wọ́n ń lépa bá sì sá tọ̀ ọ́ wá, ṣe bí Dáfídì ti ṣe fún Ábíátárì, tó ní kó jókòó ti òun, kó má bẹ̀rù.

Lórí òkè Gílíbóà, Sáúlù tún wá ọwọ́ tí yóò lò. Ó ní kí ẹni tó ń ru ìhámọ́ra òun fi idà gún òun. Ẹ̀rù ba onítọ̀hún gidigidi, kò gbà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Sáúlù lò níkẹyìn.

Kí Olúwa má jẹ́ kí ọ̀tá rí ọwọ́ wa lò. Kí ó wẹ èyí tó ti dọ̀tí mọ́. Àṣèyí ṣàmọ́dún o, lórúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.

Akọ̀wé Ìjọ, Lálúpọn