Ìfàsẹ́yìn Lẹ́nu Ọ̀nà Èrè: Ọgbọ́n Ni Tàbí Ìwà Ojo?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní akin tí ó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ni í bá ogun lọ. Síbẹ̀, àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Kí ni kí á wá pe ẹni tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ba èrè làálàá rẹ̀, tí ó sì fà sẹ́yìn kí díẹ̀ tí ó ní má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀: ọlọ́gbọ́n ni, tàbí ojo?

N kò mọ ibi tí ìbéèrè yìí ti fojú hàn gbangba tó ìdíje káàdì póókà tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní Las Vegas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1970. Owó ìwọlé sí èyí tí ó jẹ́ olórí nínú àwọn ìdíje náà jẹ́ 10,000 dọ́là. Ní ọdún 2023, 10,043 ni iye àwọn tí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n 1,507 péré ni owó kàn: ẹni tí tirẹ̀ kéré jù gba 15,000 dọ́là, ẹni tí ó borí sì gba ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 12. Nígbà tí ó bá ku ẹni díẹ̀ kí owó kàn wọ́n, àwọn alábòójútó a pàṣẹ pé kí tábìlì kọ̀ọ̀kan ta ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí ó sì dúró de àwọn yòókù, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ọ́mọ̀ fi àkókò ṣòfò. Àwọn ènìyàn a dìde lórí ìjókòó, wọn a na ọrùn sí tábìlì tí ẹnìkan ti ti gbogbo ike rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ta dípò owó, síwájú.

Ní wákàtí yẹn, ike tí ènìyàn bá pàdánù a máa dùn ún ju bí èyí tí ó jẹ ṣe ń ṣe é láǹfààní, nítorí pé ẹni tí ike rẹ̀ di ìlọ́po méjì kò tíì sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí tirẹ̀ tán ti lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ike rẹ̀ pọ̀ jù mọ èyí dájú, nítorí náà a máa fi owó lé owó lemọ́lemọ́, ìbáà jẹ́ káàdì tí kò níláárí ni ó dì mú. Ẹni tí ó wà láàárín ni ìyà ń jẹ jù: káàdì tí ì bá fi jà láàárọ̀, ó tọ́ kí ó dà á nù lálẹ́, bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó lè lé e jáde ni ó kò lójú.

Èyí kì í ṣe ìwà ojo. Àgbò tí ó fẹ̀yìn rìn, agbára ni ó lọ mú wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń da káàdì nù láìwo ẹni tí ó kò ó lójú, tí ó ń sá fún ẹni tí kò tó o pàápàá, ti di ẹrú olówó. Bí owó bá tilẹ̀ kàn án, ìwọ̀nba ike tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbé e jìnnà.

Nígbà tí ẹni ìkẹyìn tí owó kò kàn bá ṣubú, gbogbo gbọ̀ngàn a pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ náà kò sì mọ ọlọ́gbọ́n yàtọ̀ sí ojo. Elédùmarè, Arínúróde, Olùmọ̀-ọkàn, ni ó mọ ìyàtọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá fẹ́ fà sẹ́yìn nínú ohunkóhun láyé yìí, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń pa agbára mọ́ dè. Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ tẹ̀ síwájú.