Ọkọ̀ Ìfètò-sọ́mọ-bíbí Dé Abúlé: Kí Ni Ẹ̀sìn Wí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí Ó dá ènìyàn láti ara ẹ̀jẹ̀ dídì. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa Muhammad, ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dá mi dúró. Ó ní àwọn nọ́ọ̀sì yóò máa gbé ọkọ̀ ìwòsàn wá sí abúlé àwọn lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta fún ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́ta láàrin ọdún mẹ́rin, ó sì fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ní iṣẹ́ kèfèrí ni. "Àáfà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ṣé iṣẹ́ kèfèrí ni lóòótọ́? Ní ilẹ̀ Tùnísíà, níbi tí wọ́n ń tẹ̀lé ọ̀nà Imáámù Málíkì bí àwa náà, láti ọdún 1964 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ètò yìí. Fún àwọn obìnrin oko tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, wọ́n kó agbẹ̀bí sínú ọkọ̀ lọ bá wọn. Nígbà náà, obìnrin kan a máa bí tó ọmọ méje. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2000, ó ti sún mọ́ méjì. N kò sọ pé gbogbo ìṣe wọn ló dára o. Ààrẹ wọn, Habib Bourguiba, tó ń rọ àwọn ènìyàn ní 1960 pé kí wọ́n má gba ààwẹ̀, ni ìjọba rẹ̀ fi òfin gba oyún ṣíṣẹ́ láàyè ní 1973. Oyún ṣíṣẹ́ lọ́tọ̀, kí oyún má tíì wọlé lọ́tọ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Súúratul-Isráí kọ̀ fún wa láti pa ọmọ nítorí ìbẹ̀rù òsì. Ọmọ tó ti wà ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n sàábé Jábírù sọ pé àwọn a máa da omi síta lára ìyàwó nígbà tí Àlùkùránì ń sọ̀kalẹ̀, Ànábì gbọ́, kò sì kọ̀ fún wọn. Ibn Hazm kò fara mọ́ ọn rárá, àmọ́ Imáámù Gasálì àti ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà á. Súúratul-Bákárà sì fi ọdún méjì gbáko sílẹ̀ fún ọmú. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ní kí obìnrin dúró tó oṣù 24 lẹ́yìn ìbímọ kí ó tó tún wá oyún.

Ẹ̀yin ọkùnrin, ọ̀rọ̀ kan wà nínú Muwatta Imáámù Málíkì tí a kì í kà létí yín: ọkọ kò gbọdọ̀ da omi síta láìgba ìyọ̀ǹda ìyàwó. Ọkọ ni òfin ní kí ó tọrọ àṣẹ! Ta ló wá fún ọkọ lágbára láti máa dá ọ̀rọ̀ oyún pinnu bí ẹni pé obìnrin kò ní ẹnu? Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100,000 tí a bí láàyè, ìyá 512 ló ń bá ọ̀rọ̀ oyún àti ìbímọ lọ. Arábìnrin, ìwọ náà má yọ́ lọ sídìí ọkọ̀ náà. Kí tọkọtaya jọ lọ, kí wọ́n jọ gbọ́ àlàyé.

Kí wọ́n sì bèèrè dáadáa, nítorí ọkọ̀ yóò lọ. Abẹ́rẹ́ a máa ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta; èyí tí wọ́n ń kì sábẹ́ awọ apá lè tó ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ara bá kọ̀ ọ́, ta ni yóò yọ ọ́, níbo?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tún wà, tí nọ́ọ̀sì lè má mọ bó ti kan ìrun tó. Méjèèjì yìí a máa da nǹkan oṣù rú. Ẹ̀jẹ̀ lè máa kán díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Mo mọ arábìnrin kan tó fi ìrun sílẹ̀ fún ogójì ọjọ́ nítorí rẹ̀, ojú ń tì í láti bèèrè. Ní ọ̀nà Málíkì, nǹkan oṣù obìnrin tí kò lóyún kì í kọjá ọjọ́ 15. Èyí tó bá lé, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni: kí ó wẹ ìwẹ̀ ìmọ́ra, kí ó ṣe àlùwàlá, kí ó kírun, kí ó gba ààwẹ̀ rẹ̀. Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo sì ní kí ó mú ìyàwó rẹ̀ wá sí ilé-kéwú lọ́jọ́ Àìkú, kí ìyàwó mi lè bá a sọ ọ́ délẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó dé.