A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán



Bí a bá kírun Súbúù tán ní Ẹgbẹ́dá níbí, tí a ń padà sílé, a máa ń pàdé àwọn tó ń sáré lójú títì tó lọ sí Ìdímù, kí àwọn dánfó tó gba ọ̀nà kan. Àgbà wà nínú wọn, ọ̀dọ́ wà níbẹ̀, obìnrin tó lo ìbòrí rẹ̀ dáadáa náà wà níbẹ̀. Òógùn bò wọ́n bí ẹni tí òjò pa. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ní fún wọn ní kọ́bọ̀ bí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ń lọ. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, a óò tún rí wọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé wa. Òwe yìí pín àwọn tó ń sáré sí ọ̀nà méjì: ẹni tó ń lé nǹkan, àti ẹni tí nǹkan ń lé. Ìbéèrè wa ni pé, nínú àwọn méjèèjì, ta ni yóò ṣì máa sáré lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹni tó ń lé nǹkan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 2016 ni wọ́n sá máràtọ́ọ̀nù ìlú Èkó, eré ìje ẹlẹ́mìí-ẹṣin, fún ìgbà àkọ́kọ́. Láti Pápá Ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè ni wọ́n ti gbéra, wọ́n sì sá kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ dé Eko Atlantic létí òkun. Abraham Kiptum, ọmọ Kẹ́ńyà, ló gba ipò kìíní. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 16 ó lé díẹ̀ ló lò, ẹ̀bùn rẹ̀ sì jẹ́ 50,000 dọ́là. Iṣẹ́ òòjọ́ ni eré sísá jẹ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó iṣẹ́ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, ọkùnrin yìí kan náà sá ìdajì máràtọ́ọ̀nù ní Valencia, ní ilẹ̀ Sípéènì, ní ìṣẹ́jú 58 àti ìṣẹ́jú-àáyá 18. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2019, wọ́n ní àkọsílẹ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá òfin tó lòdì sí lílo oògùn mu. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ sáré ìje fún ọdún 4, wọ́n sì pa iṣẹ́ ńlá tó ṣe ní Valencia rẹ́ nínú ìwé.

Ọlọ́hun nìkan ló mọ inú ẹ̀dá, a kò sì ní ṣe adájọ́ rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ ohun tó ń lé nìkan lè má wo ibi tó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá sì tẹ nǹkan ọ̀hún, tàbí tí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, eré parí nìyẹn.

Ẹni tí nǹkan ń lé ńkọ́? Àwa fúnra wa ni ẹlẹ́rìí èyí. Lẹ́yìn tí a pé àádọ́ta ọdún, dókítà sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ wa ń ru, ó ní kí a máa rìn, kí a sì máa sáré díẹ̀díẹ̀. Ìbẹ̀rù gbé wa dìde. A sá a fún oṣù méjì. Nígbà tí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ wa wò, tí wọ́n ní ó ti wálẹ̀, a gbé bàtà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹkùn tó ń lé wa dúró, àwa náà bá jókòó.

Ohun tó mú wa padà sójú títì ni ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí a rántí. Nígbà kan, a máa ń ṣe ìdíje eré sísá lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ ilé-kéú wa. Ìwé ìkọ̀wé ni à ń fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan gba ipò kìíní lọ́dún méjì léra wọn. Ní ọdún kẹta, ọmọ tuntun kan fi í sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti sáré mọ́, gbogbo ẹ̀bẹ̀ wa kò wọ̀ ọ́ létí. Ọmọ mìíràn sì wà tó jẹ́ pé òun ló máa ń kẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ fún un. Àánú rẹ̀ ṣe wá, a pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ní kí ó jókòó, kí ó máa bá wa bu omi fún àwọn tó ń sáré. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ááfà, ẹ má yọ mí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró sinmi kí n tó dé ìdí igi máńgòrò. Lọ́dún yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ dúró."

Ojú tì wá. Àánú ni a fẹ́ fi gba ohun tí ọmọ náà ní lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń bá díje ni ara rẹ̀ ti àná. Bí ẹnì kan bá ní ìyẹn náà ń lé nǹkan, a kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń lé wà lára òun fúnra rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè jà á gbà. Bó bá borí rẹ̀ lónìí, iṣẹ́ ọ̀la ti délẹ̀.

Ẹ wo Falilat Ògúnkọ̀yà, ọmọ Òde-Lẹ́mọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ọdún 1986, ní ìlú Athens, ó gba ipò kìíní nínú eré mítà 200 láàrin àwọn ọ̀dọ́ gbogbo àgbáyé. Ọdún mẹ́wàá gbáko kọjá kí ó tó gba àmì-ẹ̀yẹ nínú ìdíje Òlíńpíìkì, ní Atlanta ní ọdún 1996. Nínú eré mítà 400, ipò kẹta ló ṣe, lẹ́yìn Marie-José Pérec ti ilẹ̀ Faransé àti Cathy Freeman ti Ọsirélíà. Àwọn méjì ló ṣíwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá 49.10 tó lò lọ́jọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ kò sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí, obìnrin Áfíríkà kankan kò sì sá a bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀. Bí a bá fi ipò nìkan wò ó, ẹni mẹ́ta ni ó jẹ́. Bí a bá fi ara rẹ̀ ti àná wò ó, ọjọ́ náà ni ó borí jù lọ.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, bá ìyàwó rẹ̀ Áíṣà sáré ìje. Áíṣà ló borí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nígbà tí Áíṣà ti sanra, wọ́n tún sá a, Ànábì sì borí. Ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ fún un pé àwọn di ọ̀mì. Ẹni tó pàdánù kò bínú, kò sì sí ẹ̀bùn kankan níbẹ̀. Ìfẹ́ tó wà láàrin wọn ló mú eré kejì wáyé.

Ṣé a wá ń sọ pé kí a má fún ọmọ lẹ́bùn mọ́ ni? Rárá o. Ẹ̀bùn lè mú ènìyàn dé ojú ìlà, ìbẹ̀rù náà lè mú un débẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò lè bá a dé ọdún kẹwàá. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá ti ilé-ìwé tàbí ilé-kéú dé, ẹ má fi mọ sí ipò kelòó ló ṣe. Ẹ bi í pé kí ló lè ṣe lónìí tí kò lè ṣe lóṣù tó kọjá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó ń kẹ́yìn láàrin yín, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ yẹ̀yẹ́ fún un. Bóyá òun ló mọ ìdí tó fi ń sáré jù yín lọ.

Ní ti àwa, òpó iná ni à ń kà báyìí láti ẹnu ọ̀nà mọ́sálásí. Lánàá, ìdí òpó kẹjọ ni a ti dúró mí. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, lọ́la a óò dé ìkẹsàn-án.

Kí Ọlọ́hun tún aníyàn wa ṣe, kí Ó sì fún wa ní okun tí a óò fi sá a dópin. Àmín.