Ṣé Ẹ̀ṣẹ̀ Ni Kí A Má Fọkàn Tán Olóṣèlú?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí kò ní orogún. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin mùmíní lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní Súrùlérè, Yàbá àti Múṣin. Wọ́n ní ìdí. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, gómìnà Èkó láti 1979 sí 1983, ló gbé ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro kalẹ̀. Ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ọdún 2024 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní Múṣin àti Yàbá. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ pọ̀n sẹ́yìn nígbà ìlérí ti ń wá awò ojú kí ó tó wọkọ̀!

Síbẹ̀, Súrà Hujuraati, ní ẹsẹ̀ 12, kọ àbá burúkú dídá fún wa. Súrà yìí kan náà, ní ẹsẹ̀ 6, pa á láṣẹ pé kí a wádìí ọ̀rọ̀. Èyí yé wa pé ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí ni ẹ̀ṣẹ̀; ìwádìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá ní "olè ni gbogbo wọn" ti jẹ́rìí ohun tí kò rí. Jakande ṣe gómìnà láti ilé ara rẹ̀ ní Ìlúpéjú. Àwọn àgbà àdúgbò mọ̀ ọ́n. Bí a bá sì pe gbogbo wọn lólè, a ti gba olè gidi lọ́wọ́ ìtìjú.

Nínú ìtàn, ọkùnrin kan bi Kálífà Umar léèrè ní gbangba bí aṣọ rẹ̀ ṣe gùn ju ìpín rẹ̀ lọ. Umar kò bínú. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ Abdullah dáhùn, ọmọ náà sì ní òun ló fi ìpín tòun kún ti bàbá òun.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò lè béèrè? Ní Èkìtì lọ́dún 2018, "dìbò kó o sebẹ̀" gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ọbẹ̀ náà kò di ọjọ́ kejì kí ó tó tán. Ìjọba tí a fi rà á yóò lo ọdún mẹ́rin. Àwa àfáà náà kò mọ́. Bí àgbò bá ti ọ̀dọ̀ olóṣèlú wọlé nígbà Iléyá, a kì í bi í níbi tó ti wá. Bí àgbò bá ṣe tóbi tó ni àdúà wa ṣe ń gùn tó. Ẹnu tó kún fún ẹran kò lè béèrè ọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀sùn kan ẹni tí ẹ kò wádìí, ẹ má sì gba owó ìbò. Ẹni tó ṣèlérí gọ́tà, ẹ béèrè gọ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ béèrè iye tí wọ́n ná lé e. Bí ẹ bá sì rí àgbò ní àgbàlá wa, ẹ bi àwa náà.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn olùfọkàntán jẹ olórí wa, kí Ó sì sọ àwa náà di ẹni tí a lè fọkàn tán. Àmín.