Òórùn Kan Náà, Ewé Ọ̀tọ̀

Ọmọ ọwọ́ méjì ni: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8, èkejì jẹ́ ọmọ oṣù 6. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, láàárín àwọn ìdílé elédè Sípéènì, tí omi ewé míǹtì jẹ́ egbòogi ilé fún wọn bí ẹfinrin ṣe jẹ́ fún àwa náà. Wọ́n se ewé tí wọ́n gbìn nílé, wọ́n fún ọmọ mu. Ìwé àwọn dókítà ọmọdé, Pediatrics, tẹ ìtàn wọn jáde lọ́dún 1996. Mi ò lè kà á kí n má ronú nípa ẹni tó di ife náà mú. Ìfẹ́ ló fi sè é.

Ṣé míǹtì ni ewé náà? Míǹtì ni, ṣùgbọ́n pennyroyal ni oríṣi rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ ọ̀sẹ̀ 8 bàjẹ́, ọpọlọ rẹ̀ wú, ó kú. Ọmọ kejì kò kú, àmọ́ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fara gbá, gìrì sì dè é mọ́lẹ̀.

Ewé ẹlẹ́wà ni pennyroyal. Kò ga, ilẹ̀ ló ń fà lọ, ibi tí oríkèé rẹ̀ bá sì ti kan ilẹ̀ tútù ló ti ń ta gbòǹgbò. Ẹ fọwọ́ ra á, òórùn míǹtì á ta sí yín nímú. Láyé àtijọ́ wọ́n fi ń lé yọ̀rọ̀, ibẹ̀ gan-an ni orúkọ rẹ̀ ní èdè Látìn, pulegium, ti wá. Pulegone tó wà nínú òróró rẹ̀ ló ń ṣe ọṣẹ́: ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di menthofuran, èyí tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbin ewé sẹ́yìn ilé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, ẹ má gbin míǹtì méjì sórí ebè kan. Wọn á fà wọnú ara wọn, ọwọ́ yín á sì já méjèèjì pọ̀ láìmọ̀. Ẹ gbin kálukú sínú ìkòkò tirẹ̀, kí ìdí ìkòkò ní ihò, kí ẹ sì kọ orúkọ sí i lára. Bí aládùúgbò bá fún yín ní ẹ̀ka kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ẹ má gbé e wọ ilé ìdáná.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ọmú ìyá rẹ̀ tó o.